Nílé ni àbí ní jíìmù? Iṣan ò mọ ojúlé

Lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé n'Íbàdàn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń gbé irin ní ìrọ̀lẹ́. Irin tí à ń wí yìí, kọ̀ǹkéré ni. Wọ́n po ó sínú garawa ọ̀dà méjì, wọ́n fi páìpù kan so wọ́n pọ̀ kó tó gbẹ, ó di ohun tí wọ́n ń gbé sókè gbé sódò. Ọ̀kan wà nínú wọn tí àyà rẹ̀ rí bí ohun tí agbẹ́gilére gbẹ́, kò sì san kọ́bọ̀ fún jíìmù rí láyé rẹ̀. Ní àdúgbò kan náà, jíìmù gidi wà: ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, dígí láti òkè délẹ̀, ẹ̀rọ ìsáré tò lọ bẹẹrẹ. Mo mọ bàbá kan tó ti ń lọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ikùn wọn ṣì wà níbi tó wà.

Àwọn méjèèjì ni mo máa ń rántí bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Kóòṣì, èwo ló dáa jù, kí n máa ṣe é nílé ni àbí kí n lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù?" Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú jíìmù. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀, ilé onílé ni mò ń lọ láti bá wọn ṣe eré ìdárayá. Mo ti jẹun nínú abọ́ méjèèjì, nítorí náà n kò ní ọ̀kan tí mo fẹ́ tà fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ìbéèrè yẹn kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Iṣan ara ò mọ ojúlé. Kò mọ̀ bóyá orí táìlì pálọ̀ ni ẹ wà tàbí orí rọ́bà jíìmù. Ẹrù nìkan ló mọ̀. Bí ẹrù bá fi díẹ̀ ju èyí tó mọ́ ọn lára lọ, ara á rí i pé iṣẹ́ ti pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá wá jẹ ohun tó ní purotéènì, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, tí ẹ sì sùn dáadáa, á gba òṣìṣẹ́ kún un. Bí ẹrù bá dúró sójú kan, kò sídìí tí á fi gba ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ wo ìyá ọlọ́mọ. Ọmọ tuntun tó gbé mọ́ àyà kò ju bíi kìló 3 lọ. Tí ọmọ náà bá fi máa pé ọdún kan, ó ti ń lọ sí kìló 9 tàbí 10, ìyá sì ń pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà, ó tún ru igbá lórí, kò ronú sí i. Ká ní ọjọ́ kìíní ni wọ́n gbé kìló 10 sí i lẹ́yìn, á ké. Ọmọ ń tóbi díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn ìyá ń le díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọgbọ́n kan ní jíìmù tó ju èyí lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàbá yẹn àti ọmọkùnrin oníkọ̀ǹkéré nìyẹn. Bàbá máa ń tẹ ẹ̀rọ ìsáré sí ìwọ̀n kan náà, ogún ìṣẹ́jú kan náà, tàwọn ti fóònù lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìnkùlé ní tiwọn, bí garawa kékeré bá ti fúyẹ́, wọ́n á wá ti ńlá, wọ́n á po sìmẹ́ńtì míì.

Kí wá ni jíìmù ń tà fún yín? Ohun tó ń tà gan-an ni ẹrù tí wọ́n ti wọ̀n. Ọ̀pá irin gígùn tó wà níbẹ̀, kìló 20 ni fúnra rẹ̀. Àwọn irin roboto tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti kìló 1.25, ó ń gòkè lọ sí 2.5, 5, 10, 20. Ìyẹn ni pé ẹ lè fi bíńtín kún ẹrù yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí iṣan má fura. Nílé, kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan fún yín. Ẹni tó ṣe press-up ogún lóṣù kìíní ṣì ń ṣe ogún lóṣù kejìlá, ó wá ń sọ pé ìdárayá ilé ò ṣiṣẹ́. Ilé kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Òṣùwọ̀n pọ̀ nílé o, omi la kàn ń fi í pọn. Lítà omi kan, kìló kan. Kéègì lítà 5 tó kún, kìló 5 ni. Ti lítà 10, kìló 10. Kéègì ńlá tí à ń gbé lọ sídìí ẹ̀rọ, lítà 25, kìló 25, láìtíì ka ike rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ńtílítà 50, ogún ló sì sábà máa ń wà nínú àpò, nítorí náà àpò píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ kìló 10. Ẹ lè bu lítà kan sí kéègì lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tún bu òmíràn sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kéègì ò bá kún, omi inú rẹ̀ á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, iṣẹ́ náà á sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí ìyẹn bá ń yọ lẹ́nu lè lo iyanrìn gbígbẹ, ṣùgbọ́n kó rántí pé iyanrìn wúwo ju omi lọ: lítà kan rẹ̀ tó bíi kìló kan ààbọ̀.

Ti press-up, ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù ni dídìde láìfi orúnkún kanlẹ̀. Bí ẹ bá wà ní ipò yẹn, tí ọwọ́ yín gbé yín dúró, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara yín ló wà lórí ọwọ́. Ẹni tó wọn kìló 75, bíi kìló 50 ló ń tì sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi orúnkún kanlẹ̀, ó já sí bí ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀. Bó bá fi ọwọ́ ti tábìlì, ó tún dín. Bó bá jẹ́ ògiri ló tì, ó fúyẹ́ gan-an. Ẹ ò wá rí i pé àtẹ̀gùn ni: ògiri, tábìlì, orúnkún, ilẹ̀ gbalaja, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ lórí àga, lẹ́yìn náà báàgì ìwé lẹ́yìn. Ẹni tí kò lè ṣe ẹyọ kan lórí ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àtẹ̀gùn kẹrin ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà míì tún wà tí kò gba nǹkankan: ẹ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí àyà tó sún mọ́ ilẹ̀. Press-up mẹ́jọ tí ẹ ṣe báyìí á fojú ogún tí ẹ ń ṣe pàrà-pàrà gbolẹ̀. Bákan náà ni lílóṣòó. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé tó ní ṣálángá mọ̀ ọ́n ṣe láìkọ́, àwa tí a wá di ará àwo ìgbẹ́ alájókòó la gbàgbé.

Àwọn kan á ní, ṣebí irin wúwo ló ń mú iṣan tóbi? Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹrù tó fúyẹ́ náà lè mú iṣan dàgbà, bí ẹ bá ṣe é títí tó fi ku ẹyọ kan tàbí méjì kí ẹ má lè ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wá ni agbára láti gbé kìló 150 nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má tan ara yín, ẹ lọ sí jíìmù. Kéègì ò lè gbé yín débẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ bá fún iṣan ṣe náà ló máa ń mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tí ilé ti máa ń já èèyàn kulẹ̀ jù ni fífà. Ẹ kíyè sí àwọn fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: títì ni gbogbo rẹ̀, dídìde ni, fífò ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fa nǹkan, nítorí pé ilẹ̀ ṣeé tì ṣùgbọ́n kò ṣeé fà. Iṣan ẹ̀yìn àti ti iwájú apá wá di ọmọ tí kò rẹ́ni bójú tó. Láyé ìgbà tí a ń fa omi ní kànga, kò sẹ́ni tó nílò kóòṣì fún èyí. Ẹni tó bá fa omi kún dírọ́ọ̀mù kan láàárọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn ọjọ́ náà tán, ìyẹn ni àwọn ìyá wa fi ní apá tí wọ́n ní. Nísinsìnyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń fa omi, ẹ gba rọ́bà tíúbù táyà lọ́wọ́ fọkanáísà, ẹ ká a mọ́ irin ojú fèrèsé tó dúró dáadáa, kí ẹ máa fà á wá sí ìhà yín. Tàbí kí ẹ fi ọwọ́ kan ti àga, kí ẹ tẹ̀ síwájú láìká ẹ̀yìn kò, kí ẹ máa fa kéègì láti ilẹ̀ wá sí ìbàdí. Jíìmù ní ẹ̀rọ oríṣiríṣi fún èyí, níbi yìí wọ́n borí ilé pátápátá.

Ti iṣan ni mo ń sọ bọ̀. Ti ọkàn àti èémí yàtọ̀, "eré ìdárayá" kan náà tí à ń pe méjèèjì ló ń dà á rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ẹnì kan lè gbé irin bí ẹfọ̀n kó máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 pín méjèèjì sọ́tọ̀. Fún àgbàlagbà, ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le. Kí wọ́n tún wá fi iṣẹ́ iṣan kún un, ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì túmọ̀ sí pé ẹ lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọrin. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 150 nìyẹn. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ jíìmù.

Fún ti ọkàn, n kò rí ìdí tí èèyàn á fi sanwó rárá. Ní ọdún 1953, dókítà ará Ìlú Ọba kan, Jerry Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rí i pé àìsàn ọkàn ń mú dírẹ́bà tó jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ju kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè wá sísàlẹ̀ láti gba owó ọkọ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ṣe o, ara rẹ̀ ló ń bá a rí èrè kejì. (Ohun tí wọn ì bá rí lára kọ̀ndọ́kítọ̀ dánfó tó ń fò mọ́ ilẹ̀kùn l'Ọ́jọ́ta, Ọlọ́run ló mọ̀.) Ẹsẹ̀ yín, okùn fífò, àtẹ̀gùn ilé yín, ó tó. L'Ékòó, àwọn tó ń sáré lórí afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí ní ìdájí mọ èyí dáadáa. Ẹ̀rọ ìsáré wúlò nígbà òjò, tàbí níbi tí títì ò ti ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Mo sì gbà pé n'Íbàdàn, ìyẹn pọ̀.

Ẹ óò tún ti rí àwọn ètò ìṣẹ́jú mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Tabata: iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 20, ìsinmi 10, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó tán, wọ́n ní ó tó wákàtí kan. Izumi Tabata jẹ́ onímọ̀ ará Jàpáàn, ọdún 1996 ni ìwádìí rẹ̀ jáde, irọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí eré ìdárayá ti mọ́ lára ló lò, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so mọ́ ojú kan ni wọ́n ń wà, wọ́n sì ń wà á bí ẹni tí ẹkùn ń lé, débi pé ní ìgbà keje tàbí ìkẹjọ, wọn ò lè wà á mọ́. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin gbé ẹsẹ̀ sókè sódò ní pálọ̀ tó sì ṣì ń rí èémí bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn, kò ṣe Tabata. Ó ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kò tó wákàtí kan.

Òógùn náà ńkọ́? Omi ni òógùn, ọ̀rá ara kọ́. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n tó fò lọ lẹ́yìn tí ẹ fi náílọ̀n wé ikùn fi ń padà wá kẹ́ ẹ tó mu ife omi kẹta. Sit-up náà ò lè yan ọ̀rá ikùn nìkan jẹ. Ibi tó bá wu ara ló ti ń mú ọ̀rá, abọ́ oúnjẹ sì láṣẹ lórí ìyẹn ju jíìmù àti ilé lọ.

Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ jù lójú tèmi kò sí nínú iṣan rárá. Ohun náà ni: kí ló máa jẹ́ kí ẹ pa á tì? Mo ti rí i ní jíìmù tí mo bá ṣiṣẹ́. Bí gbogbo ẹni tó sanwó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá dé lọ́jọ́ kan náà, wọn ò ní rí ibi fẹsẹ̀ lé. Wọn kì í dé. Gósílóò á dè wọ́n mọ́nà, á ṣú, wọ́n á ní ó dọ̀la. Ká ní owó oṣù jẹ́ ₦20,000. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀mejìlá san bíi ₦1,667 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀mejì san ₦10,000. Owó kan náà, jíìmù kan náà. Kí ẹ tó sanwó ọdún, ẹ gba ti oṣù kan, kí ẹ wá ka iye ìgbà tí ẹ débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ti ọ̀sẹ̀ kìíní ò ka nǹkan, ìtara ló gbé yín lọ.

Ilé ní àrùn tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nítòsí. Fóònù á dún. Ọmọ á gùn yín lẹ́yìn bí ẹ bá ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún press-up (ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹrù ni). Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lè máa fò láago márùn-ún ìdájí kí onílé ìsàlẹ̀ má kan ilẹ̀kùn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ò lè lọ sí jíìmù. Àwọn kan ò fẹ́ kí ojú ọkùnrin máa bá wọn lọ, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ eléhàá, yàrá rẹ̀ nìkan ló ti lè wọ aṣọ tó fúyẹ́, ìyá rẹ̀ sì máa ń jókòó tì wá títí a ó fi parí. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé bí wọn ò bá gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé "Ó ku ẹyọ kan! Ẹ gbé e!", ọwọ́ wọn ò ní gbé e. Irú wọn ń ra ariwo yẹn ní jíìmù ni, owó wọn ò sì ṣòfò.

Ó ku ohun tó lè pa èèyàn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí àyà ń dùn, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, ibi yòówù kó ti ṣe é. Ẹ má ṣe di èémí mú bí ẹ bá ń gbé ẹrù: bí èèyàn bá há èémí mọ́nú tó sì ń tiraka, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè gan-an lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa tú èémí síta níbi tó ti le jù. Ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń tú èéfín. Bí èèyàn bá ń mí kíákíá, ohun tó fà símú máa ń pọ̀ sí i, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú èéfín yẹn ló ní òórùn. Ara ríro lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, kò sóhun tó ṣe, ó máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá dúdú bíi Coke lẹ́yìn ìdárayá tó pàpọ̀jù, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la.

Oníbàárà mi kan wà, ìyá àgbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò lè dìde lórí àga láìdi apá rẹ̀ mú, wọ́n á kọ́kọ́ mi ara síwájú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé àga ìjẹun ti ògiri kó má baà sún, mo fi pílò méjì lé e kó lè ga, mo ní kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìkarùn-ún, orúnkún wọn ń gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ kẹta, a yọ pílò kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kò sí pílò kankan mọ́, mo sì gbé kéègì lítà 5 lé wọn lọ́wọ́, lítà méjì omi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbá a mọ́ àyà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n dìde lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá. Wọ́n jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n mi kéègì náà létí.

"Ọmọ mi, omi yìí ti fúyẹ́. Bá mi bu díẹ̀ sí i."

Mo ní, "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Mà." Wọ́n kọ̀, wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn pé kó gbé ife wá.